Àgbo Ọjọ́ Sanitéṣàn

Ẹsẹ̀ ìyá mi ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Bọ́tìnnì, sípù àti òwú ìránṣọ ni ó ń tà ní Balógun, ní òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ dúdú bí inú àpò, tí àwọn aláàárù sì máa ń fi ẹrù gbá èèyàn lórí kọjá láìbẹ̀bẹ̀. Kí n tó gbọ́njú ni ó ti ń gun àtẹ̀gùn yẹn. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, làkúrègbé wọ orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Bí ó bá fẹ́ gòkè, á di ògiri mú, á mí hẹlẹhẹlẹ, á tún gbé ẹsẹ̀ kan, á sì máa ṣépè fún ẹni tó kọ́ ilé náà bí ẹni pé onítọ̀hún wà nítòsí tó ń gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ìjẹ̀bú, ti ṣèpinnu tirẹ̀. Ó ní bí ọdún yẹn bá fi parí tí ẹsẹ̀ náà ò san, òun máa wá kó ìyá wa lọ sílé. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ti kun yàrá kan, ó ti ra bẹ́ẹ̀dì tuntun àti fáànù síbẹ̀, ó sì ti sọ fún gbogbo ẹbí pé Mọ́mì ń bọ̀ wá sinmi. Ọ̀rọ̀ "sinmi" yẹn ló ń bí ìyá mi nínú jù.

"Sinmi kí ni?" ni ó máa ń wí. "Ṣé mo sọ fún un pé ó rẹ̀ mí ni? Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọge ni mo ti ń gbé Ìsàlẹ̀ Èkó yìí. Ẹ wá fẹ́ lọ gbé mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n máa wo ewúrẹ́ tó ń kọjá. Ẹ ò ní pẹ́ sin mí."

Èmi nìkan ló ń bá a gbé nígbà náà, nínú yàrá méjì tí a háyà ní àdúgbò tí kò jìnnà sí Jankara. Èmi náà ń bá wọn tajà ní ṣọ́ọ̀bù bàtà kan ní Balógun, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe àsọdùn ló ń sọ. Ìyá mi jẹ́ ẹni tí oúnjẹ kì í dùn mọ́ lẹ́nu bí kò bá gbọ́ ariwo. Bí wọ́n bá mú un kúrò láàárín àwọn oníbàárà rẹ̀, àwọn tó ń bú tí wọ́n sì ń bú u padà, ẹ̀rù ń bà mí pé yóò rọ bí ewé tí oòrùn pa. Gbogbo wa la fẹ́ kí ẹsẹ̀ yẹn san, àmọ́ kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ tó òun fúnra rẹ̀, bó sì ṣe ń wá a lójú méjèèjì yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é léṣe.

Nítorí ó ní àìsàn kejì tí kì í kà kún, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ilé ìwòsàn ti fún un ní tábúlẹ́ẹ̀tì tí yóò máa lò lójoojúmọ́, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un kó dín iyọ̀ kù, kó má sì fẹnu kan kán-ún. Ó ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì náà, àmọ́ bí ẹni tó ń ṣe dókítà lóore ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò dùn ún, orúnkún ń dùn ún. Èyí tó ń dùn ún ló kà sí àìsàn.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tí ṣọ́ọ̀bù wọn kọjú síra, tó ń ta aṣọ tí àwọn télọ̀ fi ń ṣe inú kóòtù. Àlhájà ni gbogbo wa ń pè é. Wọ́n bí i sí agbo ilé ńlá kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ibẹ̀ ló sì ń gbé títí di ìgbà náà. Òun ló sọ fún ìyá mi nípa Ìyá Àgbà agbo ilé wọn, tó ń ṣe ìwẹ̀ àti àgbo fún àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn, bí ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ ti ń ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é kò ní jẹun láti ọjọ́ tó ṣáájú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò mu ife àgbo kan. Lẹ́yìn náà wọn yóò gbé ìkòkò tó ń hó sí i láàárín ẹsẹ̀, wọn yóò fi kúbùsù bo òun àti ìkòkò pọ̀, yóò sì máa làágùn lábẹ́ ibẹ̀ títí ìkòkò yóò fi tutù. Ìyá Àgbà á máa ṣàdúrà, àwọn obìnrin ilé á máa ṣe àmín. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó wá fi epo ra orúnkún.

"Ẹni tí wọ́n pọ̀n wọlé," ni Àlhájà wí, "ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi rìn jáde. Ojú mi báyìí ló ṣe."

Èmi kì í ṣe ẹni tó kórìíra àgbo. Àgbo ni wọ́n fi wò mí ní kékeré, mo sì ń mu ún fún ibà títí dòní. Ṣùgbọ́n bí a ṣe dá mi nìyí: mo máa ń béèrè ọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá, inú mi sì máa ń tètè ru bí wọn kò bá dá mi lóhùn.

"Kí ló wà nínú àgbo yẹn, Àlhájà?" ni mo béèrè.

"Ewé ni. Egbò ni. Kí ló tún máa wà níbẹ̀?"

"Ewé wo? Egbò wo?"

"Ewé tó ń hù nínú ilẹ̀," ni ó dá mi lóhùn, òun àti ìyá mi sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a délé, mo sọ fún ìyá mi pé kò ní lọ. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ lo bí mi ni, àbí èmi ni mo bí ọ? Bó bá wù ọ́, tẹ̀ lé mi. Bí kò bá wù ọ́, jókòó sílé." Ṣùgbọ́n ó mọ̀ mí dáadáa, ó sì tún rọ ohùn rẹ̀. "Fọkàn balẹ̀ jàre. Mi ò ní fẹnu kan nǹkan tí ẹni tó gbé e fún mi kò bá kọ́kọ́ tọ́ wò níṣojú mi."

Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà nìyẹn. Bí a bá gbé ohun mímu fún àlejò, ẹni tó gbé e wá á kọ́kọ́ mu díẹ̀ níbẹ̀, kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìyá mi kì í gba ife lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àní lọ́wọ́ àwọn àbúrò rẹ̀. Èmi náà gbà pé bí ẹni tó sè é bá ti tọ́ ọ wò, kò sí ohun tó tún kù tí a ń wá.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni wọ́n fi í sí, ọjọ́ sanitéṣàn. Ẹni tó bá gbé Èkó nígbà yẹn mọ bó ṣe ń rí. Láti aago méje títí di mẹ́wàá, kálukú á wà nílé rẹ̀, á máa gbálẹ̀, á máa kó ẹrẹ̀ gọ́tà. Kò ní sí mọ́tò kan lójú títì, ẹni tí wọ́n bá sì rí tó ń rìn kiri, mímú ni wọ́n ń mú un. Ìyá Àgbà fẹ́ràn àárọ̀ yẹn torí pé àlejò kì í da òun láàmú. A jáde nílé ní kùtùkùtù, bí àwọn tó lọ kírun Àsùbáà ti ń jáde ní mọ́sálásí. Ìyá mi fara ti èjìká mi, à ń rìn díẹ̀díẹ̀, à ń yà fún ẹrẹ̀ tí àwọn tó tètè jí ti kó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Mo ṣàkíyèsí pé ó ń fi ìka tẹ ẹ̀bátí rẹ̀.

"Kí ló ń ṣe yín, Mọ́mì?"

"Ebi ni. Ṣé o ti gbàgbé pé mi ò jẹun ni?"

Agbo ilé náà tóbi ju bí mo ṣe rò lọ. Àgbàlá rẹ̀ gùn, kànga wà láàárín, yàrá yí i ká, aṣọ àwọn ọmọ kún orí okùn. Ìyá Àgbà ń dúró dè wá nínú yàrá kan ní ẹ̀yìn. Mo ti múra sílẹ̀ láti kórìíra rẹ̀, kò sì jẹ́ kí n rí ọ̀nà. Obìnrin kúkúrú ni, ìró àti bùbá funfun ló wọ̀, òórùn ata ilẹ̀ ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ìyá mi tó jókòó tán ni ó ti fọwọ́ lé orúnkún rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń fọwọ́ kan ìkókó.

"Orúnkún yìí ti ṣiṣẹ́ gan-an," ni ó wí. "Ó kú iṣẹ́ o."

Ojú ìyá mi rọ̀. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ yẹn ti ń dà á láàmú, kò sí ẹni tó tíì kí orúnkún rẹ̀ kú iṣẹ́.

Ìkòkò ńlá wà lórí iná lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, òórùn dógóyárò àti koríko ọba gba gbogbo ilé kan. Kúbùsù ti wà lórí àpótí. Ìyá Àgbà bu àgbo dúdú kan láti inú ìkòkò kékeré sínú ife. Ìyá mi wò mí, ó sì fi ẹ̀rín sọ̀rọ̀.

"Ìyá Àgbà, ẹ má bínú o. Ẹ mọ àwọn ọmọ ayé òde òní. Ẹ bá mi tọ́ ọ wò, kí ọkàn ọmọ mi lè balẹ̀."

"Ṣé ìyẹn náà tó nǹkan?"

Ó gbé ife sẹ́nu, ó mu ún dáadáa, kì í ṣe ìfẹnukàn lásán, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó sì rẹ́rìn-ín. Àlhájà pàtẹ́wọ́. Ọkàn mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo tiẹ̀ ti ń tijú pé mo fi ojú burúkú wo obìnrin náà láti ìgbà tí mo ti gbọ́ nípa rẹ̀.

Ó bu òmíràn kún un, ó gbé e sún mọ́ ìyá mi, ó sì béèrè ohun tó máa ń bi gbogbo ẹni tó bá wá.

"Inú yín mọ́?"

"Ó mọ́ tónítóní," ni ìyá mi dáhùn, tìgbéraga-tìgbéraga. "Mi ò jẹ nǹkan kan láti ọ̀sán àná. Tábúlẹ́ẹ̀tì òyìnbó yẹn gan-an, ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo ti gbé e tì, kó má baà bá àgbo jà nínú mi."

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Ohun tí mo kàn rí ni pé mo ti na ọwọ́, mo sì ti fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ife náà.

"Mọ́mì, tábúlẹ́ẹ̀tì ẹ̀jẹ̀ ríru?"

"Kí ló kàn ọ́?"

"Láti ọ̀sẹ̀ kan? Orí tó ń fọ́ yín bọ̀ lọ́nà yẹn, ebi ni?"

Ọwọ́ rẹ̀ tún lọ sí ẹ̀bátí rẹ̀.

Kì í ṣe ìyá mi nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwọn tí mo mọ̀ nígbà náà ló gbà pé oògùn òyìnbó àti àgbo kì í gbé inú kan náà. Bí a bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà, a ó fi àgbo pamọ́ fún un. Bí a bá ń lọ sọ́dọ̀ alágbo, a ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì tì, a ó sì ṣe bí ẹni pé a ò rí irú rẹ̀ rí. Ó wá di pé nínú àwọn méjèèjì tó ń tọ́jú wa, kò sí èyí tó mọ ara tí òun ń tọ́jú. Ìyá mi kò sì ní i lọ́kàn láti tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbo ni.

Àlhájà ló kọ́kọ́ bínú sí mi. "Kí ni gbogbo eléyìí? Wọ́n ti tọ́ ọ wò, ojú ẹ báyìí lo fi rí i. Wetin you want again?"

"Mo rí i, mà. Mo rí i pé kò sí májèlé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú Ìyá Àgbà ló lọ. Ẹ̀jẹ̀ tiwọn ò ru. Wọn ò gbé oògùn kankan tì. Wọ́n ti jẹun lónìí. Ara tiwọn ni wọ́n fi tọ́ ọ wò, wọn ò fi ara ìyá mi tọ́ ọ wò."

Bí mo ti ń sọ ọ́ ni ó ń yé èmi náà. Ìtọ́wò lè fi hàn mí pé ẹni tó gbé ife wá kò ní inú burúkú. Kò lè sọ fún mi bóyá ohun tó wà nínú ife bá ara ìyá mi mu.

Ìyá Àgbà kò jọ̀wọ́ ife náà. Ó wo ọwọ́ mi lórí ife, ojú rẹ̀ sì le.

"Ṣé o rò pé mo fẹ́ pa ìyá ẹ ni?"

"Rárá o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀ ni. Ṣé kán-ún wà níbẹ̀?"

"Kán-ún wà níbẹ̀. Òun ló ń fọ inú."

"Dókítà ti sọ fún wọn pé wọn ò gbọdọ̀ fẹnu kan kán-ún."

Ó yíjú sí ìyá mi. "Òótọ́ ni?"

Ìyá mi tẹ orí ba, ó ní òótọ́ ni. Ìyá Àgbà rọra fa ife náà kúrò lábẹ́ ọwọ́ mi, ó da á padà sínú ìkòkò kékeré, ó sì fi ọmọrí dé e.

"Kò sí kánjúkánjú," ni ó wí. "Ara ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì."

Mo ní kí a gbéra ká máa lọ sí ilé ìwòsàn. Àlhájà bi mí pé ọkọ̀ wo la fẹ́ wọ̀. Aago mẹ́jọ ò tíì lù, sanitéṣàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù wá bà mí gan-an. Bí ìyá mi bá ti mu ife yẹn pẹ̀lú inú òfìfo, tó wọ abẹ́ kúbùsù, tó sì dákú síbẹ̀, ọ̀nà wo la ò bá gbà gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ní àárọ̀ tí mọ́tò kan kì í rìn? Mo bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Aláàánú ni gbogbo wọn, wọn ò kàn rò ó débẹ̀ rí ni.

Wọ́n tẹ́ ẹní fún ìyá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn ti ń wọlé. Wọ́n fún un ní omi, wọ́n sì wá ẹ̀kọ díẹ̀ fún un. Láti ibi tí a jókòó sí, à ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ láti ilé dé ilé, àti ṣọ́bìrì tó ń ha ìsàlẹ̀ gọ́tà. Ìyá mi di ojú, ó ní ó ń ṣe òun bí ẹni pé ilẹ̀ ń ṣú. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Inú ń bí mi sí i, ó sì ń ṣe mí bíi kí n sunkún, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ìyá Àgbà jókòó sí ibi ẹsẹ̀ ẹní.

"Mi ò bi èèyàn nípa tábúlẹ́ẹ̀tì rí," ni ó wí. "Nígbà ayé ìyá mi, kò sí ẹni tó ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ ẹ̀. Ohun tó kọ́ mi pé kí n máa béèrè ni mò ń béèrè: ṣé inú mọ́, ṣé oyún wà, ṣé ó ń fọ́mọ lọ́yàn. Ó yẹ kí n ti fi tábúlẹ́ẹ̀tì kún un."

"Ẹ ò mọ̀ ni, mà."

"Mi ò mọ̀. Ìyá ẹ náà ò sọ. Ìwọ nìkan lo lẹ́nu." Ó wò mí fín-ín, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹnu ẹ yẹn, ọkọ tó bá fẹ́ ọ máa rí nǹkan."

"Ẹ bá mi sọ fún un, mà," ni ìyá mi wí láti orí ẹní, láìla ojú. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ di mọ́ ọn níbẹ̀. Mo ronú pé ẹni tó ṣì lè bá wọn bú mi kò ní kú lónìí.

Bí aago mẹ́wàá ti lù, Àlhájà di gèlè rẹ̀ mọ́ ìdí, ó sáré jáde, ó sì dá tákísí dúró fún wa. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi lẹ́ẹ̀kan, kò gba ohun tó rí gbọ́, ó tún un wọ̀n. Ó lọ pe dókítà láìrìn gbẹ̀rẹ́. Dókítà ọ̀dọ́ kan ni, ó jọ pé kò tíì sùn láti àná. Nígbà tí ó gbọ́ pé ìyá mi gbé tábúlẹ́ẹ̀tì tì nítorí àgbo, ó figbe bọnu.

"Ẹ̀yin ìyá yìí! Ẹ máa lọ mu ìmukúmu káàkiri, ẹ ó wá kú mọ́ wa lọ́wọ́!"

Ìyá mi kó ara jọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo rí i tí ó pa ẹnu dé, mo sì mọ irú ìpanudé yẹn. Títí láé, kò ní sọ nǹkan kan fún ọkùnrin yẹn mọ́.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́," ni mo wí, ohùn mi sì ti ga ju bó ṣe yẹ lọ, "wọn ò tíì mu nǹkan kan. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ òótọ́ fún yín ni. Bí ẹ bá fi igbe gbà á, ẹ ò ní gbọ́ òmíràn."

Nọ́ọ̀sì wolẹ̀. Mo rò pé wọ́n á lé mi jáde. Ṣùgbọ́n dókítà náà fọwọ́ nu ojú, ó fa àga kan, ó jókòó sún mọ́ ìyá mi.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Kí ni wọ́n fẹ́ fún yín gan-an?"

Ìyá mi sọ ọ́ fún un látòkè délẹ̀, àgbo, kán-ún, kúbùsù, ìkòkò tó ń hó. Dókítà sọ fún ìyá mi pé kò gbọdọ̀ dá tábúlẹ́ẹ̀tì dúró lórí ara rẹ̀ láéláé, ì báà jẹ́ fún ọjọ́ kan. Kò gbọdọ̀ mu àgbo tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ wọ abẹ́ kúbùsù pẹ̀lú ooru bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ń mi orí. Nígbà náà ni ó bi í, pẹ̀lú ohùn kékeré, bóyá wọ́n ṣì lè fi omi ewé wẹ ẹsẹ̀ òun.

"Tí kò bá gbóná jù, tí kò sì sí egbò lójú ara, mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀," ni dókítà wí. "Ẹ ṣáà máa sọ fún mi."

Wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn fún ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ ríru náà ti wálẹ̀ dáadáa, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà ti parí. Ìyá mi ló ní òun fẹ́ padà síbẹ̀.

"Orúnkún mi ṣì ń dùn mí o," ni ó wí. "Dókítà ti tọ́jú ẹ̀jẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì tọ́jú orúnkún."

Mo gbà bẹ́ẹ̀, a sì padà lọ. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ la lọ, nígbà tí ọkọ̀ ń fun fèrè ní gbogbo àdúgbò. Ìyá mi ti jẹun yó. A ti sọ ọ́ láti ẹnu ọ̀nà pé kò sí àgbo mímu, kò sí kúbùsù, ilẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀, èmi á jókòó tì í, bó bá sì ti ní ó tó, ó tó nìyẹn. Mo rò pé Ìyá Àgbà á bínú. Dípò bẹ́ẹ̀, kí a tó jókòó ni ó ti béèrè: "Tábúlẹ́ẹ̀tì tòní ńkọ́? Ẹ ti lò ó?"

"Mo ti lò ó, mà."

Ó gbé abọ́ omi ewé wá. Ó kọ́kọ́ ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ̀ ọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa, ó sì wá gbé abọ́ náà sún mọ́ ìyá mi. "Ọwọ́ tiyín náà ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ ni ẹsẹ̀." Ìyá mi ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ní ó gbóná díẹ̀. Wọ́n bu omi tútù sí i. Ó tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ní ó dáa báyìí.

Ìyá Àgbà wẹ ẹsẹ̀ náà láti orúnkún dé ọmọ ìka, kò kánjú. Ó fi àdín ra á. Ó ń ṣàdúrà lédè Lárúbáwá àti Yorùbá, Àlhájà àti àwọn obìnrin ilé ń ṣe "Àmín", ìyá mi náà sì ń fi ohùn tó ga ju tiwọn lọ wí pé, "Àmín ní orúkọ Jésù!" Kò sí ẹni tó bínú sí i. Ẹnì kan tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mo rí i pé omi ń bọ́ lójú ìyá mi, mo sì sún mọ́ ọn.

"Mọ́mì, ṣé ó ń dùn yín?"

"Kò dùn mí," ni ó wí. "Láti ìgbà tí bàbá ẹ ti kú, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn mí báyìí."

Mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n má baà rí ojú tèmi.

Ó ń lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò di ẹsẹ̀ ọmọge, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tàn yín. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn dé Balógun láìfara tì mí, bó ti ń dúró kí èèyàn lọ́nà, tó sì ń sinmi. Àtẹ̀gùn nìkan ni kò gbà fún un. Ó dá nìkan lọ bá ọkùnrin tó ń ta ìgbànú ní ìsàlẹ̀ ilé náà, wọ́n sì fi ẹnu kò pé ìyá mi yóò gbé tábìlì kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó máa tajà níbẹ̀.

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, ẹ̀gbọ́n mi dé láti Ìjẹ̀bú, ó gbé báàgì ńlá kan tó ṣófo dání. Mo ro gbogbo ẹjọ́ náà fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìyá wa ní ìbéèrè bó ṣe ń bi àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀. Ṣé ó ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì? Ṣé ó ṣì ń jẹ iyọ̀ púpọ̀? Ṣé kò mu àgbo kankan lẹ́yìn? Ìyá mi dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò fi nǹkan kan bò. Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ẹ ó máa lo gbogbo ẹ̀ lọ́hùn-ún. Ilé ìwòsàn wà lọ́dọ̀ wa." Ó ṣí àpótí aṣọ ìyá wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìró rẹ̀ sínú báàgì.

"Dúró," ni ìyá mi wí.

Ó dúró.

"Láti ọjọ́ yìí, ẹ ti bi mí ní ohun tí mo jẹ. Ẹ ti bi mí ní ohun tí mo mu àti ohun tí mo gbé mì. Mo sì ti kọ́ láti máa dáhùn, mi ò fi nǹkan kan pamọ́ fún yín mọ́. Ó ku ẹyọ kan tí ẹnì kankan nínú yín ò tíì bi mí."

"Kí ni, Mọ́mì?"

"Ibi tí mo fẹ́ gbé."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, èmi náà wò ó. Òótọ́ ló sọ. Ó ti ń pariwo rẹ̀ sí wa létí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, a sì kà á sí àròyé lásán. Kò sí ẹni tó jókòó tì í rí láti bi í.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìró tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó lóṣòó síwájú ìyá wa, ọkùnrin tó ń lo awò ojú, tí gbogbo iléèwé ń bẹ̀rù, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

"Mọ́mì, ibo lẹ fẹ́ gbé?"

"Níbí," ni ìyá mi wí, ó sì bú sẹ́kún. "Níbí ni, ọmọ mi."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ aṣọ náà jáde kúrò nínú báàgì, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kó wọn padà sínú àpótí.